Gani Odutokun: Ọmọ Ọ̀fà tí Ó Sọ Èèṣì di Ọnà

ÌFÁÀRÀ

Nígbà tí a bá dárúkọ iṣẹ́ ọnà ní Ìlọrin àti agbègbè rẹ̀, ère àti ìkòkò ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ wá sí ọkàn àwọn ènìyàn. Wọ́n á rántí Ẹ̀sìẹ́, níbi tí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ère òkúta wà, tí a sì ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà sí ní ọdún 1945. Wọ́n á rántí Areogun, agbẹ́gilére Òsì-Ìlọrin, àti ọmọ rẹ̀, Bandele, ẹni tí Lamidi Fakeye kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n á rántí àwọn obìnrin amọ̀kòkò àdúgbò Dada, àti àwọn ahunṣọ tí aṣọ òkè wọn gbajúmọ̀ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Gbogbo ìwọ̀nyí jẹ́ ohun tí ọwọ́ lè dì mú, tí ẹni tí ó bá rí i sì lè dárúkọ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ayàwòrán kì í sábà sí nínú ìtò náà. Bẹ́ẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn ayàwòrán tí ó ronú jinlẹ̀ jù lọ ní Nàìjíríà láàárín ọdún 1975 sí 1995 jẹ́ ọmọ Ọ̀fà, ìlú tí kò jìnnà sí Ìlọrin rárá. Gani Odutokun ni orúkọ rẹ̀. Ọdún 1946 ni wọ́n bí i. Ó sì kú ní ọdún 1995. Ó ya ènìyàn, ó ya ọba, ó ya àwòrán ara ògiri, ó sì ya àwòrán ẹ̀yìn ìwé. Ṣùgbọ́n ibi tí ọgbọ́n orí rẹ̀ ti hàn kedere jù ni bí ó ṣe ń bá ilẹ̀ àti sánmà lò: kì í yà wọ́n bí kámẹ́rà ṣe ń rí wọn, bí kò ṣe ní ìlànà afòyemọ̀, níbi tí àwọ̀ àti ìṣàn ọ̀dà ti ń ṣe iṣẹ́ tí ìlà ń ṣe nínú àwòrán mìíràn.

Ìbéèrè méjì ni ìgbésí ayé rẹ̀ gbé kalẹ̀. Èkíní ni pé, ta ni ó ni ayàwòrán tí wọ́n bí ní Gánà, tí orírun rẹ̀ jẹ́ Ọ̀fà, tí ó sì lo ọjọ́ ayé rẹ̀ ní Zaria? Èkejì ni pé, àwòrán tí ojú kò lè tọ́ka sí igi kan tàbí ilé kan pàtó nínú rẹ̀, ṣé nǹkan àjèjì ni lójú Yorùbá, àbí ohun tí a ti ń ṣe tipẹ́ tí a kò fi orúkọ pè? Ìdáhùn sí ìbéèrè kejì ni yóò ran ẹni lọ́wọ́ láti dáhùn ti àkọ́kọ́.

ILÉ LÀ Á WÒ KÍ Á TÓ SỌMỌ LÓRÚKỌ

Ọ̀fà kì í ṣe ìlú kékeré nínú ìtàn. Gbogbo ènìyàn mọ̀ wọ́n mọ́ ìjàkadì, wọ́n sì mọ Ọlọ́fà gẹ́gẹ́ bí ọba tí oyè rẹ̀ ti pẹ́. Ṣùgbọ́n ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ogun gígùn tí ó wáyé láàárín Ìlọrin àti Ọ̀fà fọ́n àwọn ará ìlú náà káàkiri. Nígbà tí ogun parí, tí wọ́n tún ilé wọn kọ́, ojú irin tí ìjọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń là bọ̀ láti Èkó dé Ọ̀fà àti Ìlọrin ní nǹkan bí ọdún 1908. Ìlú tí ogun ti kọ́ ní ìrìn wá di ìlú tí rélùwéè kọ́ ní òwò. Láti ibẹ̀ ni àwọn ọmọ Ọ̀fà ti gba Àríwá lọ, tí àwọn mìíràn sì gba ìwọ̀-oòrùn lọ sí ilẹ̀ tí a ń pè ní Gold Coast nígbà náà.

Kò sí ìlú ọjà pàtàkì kan ní Gold Coast tí àwọn oníṣòwò Yorùbá kò sí. Láti Ọ̀fà, Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin, Ìgbẹ́tì àti Ṣakí ni wọ́n ti ń lọ. Wọ́n ń ta aṣọ, ìlẹ̀kẹ̀, àwo àti onírúurú nǹkan wẹ́wẹ́. Wọ́n ní ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, wọ́n ní mọ́sáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì tiwọn, wọ́n sì ń fi owó ránṣẹ́ sílé láti kọ́ ilé tí wọn kò ní í gbé títí di ọjọ́ ogbó. Ọmọ tí wọ́n bá bí síbẹ̀ a máa sọ èdè méjì tàbí mẹ́ta kí ó tó mọ ọ̀nà ilé baba rẹ̀.

Irú ìdílé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n bí Gani Odutokun sí ní Nsawam, ìlú ọjà kan tí ó wà ní àríwá Accra, lórí ojú irin tí ó lọ sí Kumasi. Ojú irin wà ní ìlú àwọn òbí rẹ̀, ojú irin wà ní ìlú tí wọ́n bí i sí. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni nígbà tí Gánà gba òmìnira ní oṣù kẹta ọdún 1957. Ó dàgbà lójú ayọ̀ orílẹ̀-èdè tuntun kan, ṣùgbọ́n ayọ̀ náà kì í ṣe ti ìdílé rẹ̀ pátápátá, nítorí pé àlejò ni Yorùbá ń jẹ́ níbẹ̀. Bí ipò àlejò ṣe rí hàn sí gbogbo ayé ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, nígbà tí ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò ní Gánà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀pọ̀ ẹbí tí ó ti lo ogójì ọdún níbẹ̀ ni ó padà sí Ọ̀fà àti Ògbómọ̀ṣọ́ pẹ̀lú ẹrù tí orí lè gbé.

Ẹni tí ó bá dàgbà láàárín irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ kò ní í gbà gbọ́ pé ohun tí ènìyàn pinnu nìkan ni ó ń ṣẹlẹ̀ sí i. Oníṣòwò ń ṣírò èrè rẹ̀, ó ń gbèrò ilé, ó ń fẹ́ ìyàwó. Ní ọjọ́ kan péré, ìkéde orí rédíò á dojú gbogbo rẹ̀ dé. Bákan náà ni kò ní í gbà gbọ́ pé ayé kò ní ètò rárá, nítorí pé àwọn ènìyàn kan náà ni wọ́n dé ilé, tí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ òwò. Láàárín èrò méjì yìí ni iṣẹ́ Odutokun dúró sí ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀.

ZARIA ÀTI ÀWỌN TÍ Ó ṢÁÁJÚ

Ní ọdún 1972 ni Odutokun wọ Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria láti kọ́ nípa iṣẹ́ ọnà. Ìdí tí ọmọ Ọ̀fà fi lè gba Zaria lọ kò ṣòro láti rí. Abẹ́ ìjọba Àríwá ni Ìlọrin àti Ọ̀fà wà títí di oṣù kárùn-ún ọdún 1967, nígbà tí a dá ìpínlẹ̀ tí ó di Kwara sílẹ̀, tí Ìlọrin sì di olú-ìlú rẹ̀. Kò tíì sí yunifásítì ní Ìlọrin nígbà náà. Ọdún 1975 ni a dá a sílẹ̀, ọdún kan náà tí Odutokun gba oyè àkọ́kọ́ ní Zaria. Ó gba oyè kejì ní ọdún 1979, ó sì ń kọ́ni níbẹ̀ títí tí ọlọ́jọ́ fi dé.

Ilé ẹ̀kọ́ tí ó wọ̀ náà ti ní orúkọ. Kí ó tó di yunifásítì ní ọdún 1962, ibẹ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bíi Uche Okeke, Demas Nwoko, Yusuf Grillo àti Bruce Onobrakpeya ti kóra jọ ní ọdún 1958, tí wọ́n dá ẹgbẹ́ tí a mọ̀ sí Zaria Art Society sílẹ̀. Ohun tí wọ́n ń jà fún ni pé kí ọmọ Áfíríkà má ṣe sọ ara rẹ̀ di ẹ̀dà àwọn olùkọ́ Òyìnbó; kí ó mú èyí tí ó wúlò nínú ẹ̀kọ́ wọn, kí ó sì lọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ ogún ìran rẹ̀. Uche Okeke mú ìlà ulí ilẹ̀ Ìgbò, Grillo mú aró àti ìṣesí Yorùbá, Onobrakpeya mú ìtàn àti àmì Urhobo.

Ọmọ Yorùbá mìíràn láti agbègbè kan náà ti kọjá ní Zaria ṣáájú Odutokun. Jimoh Akolo ni, tí wọ́n bí ní ọdún 1934 ní Ẹ̀gbẹ̀ ní ilẹ̀ Yàgbà, ìlú tí ó wà ní ìpínlẹ̀ Kwara kí wọ́n tó gé ìpínlẹ̀ Kogi jáde ní ọdún 1991. Akolo ya àwòrán àwọn Fúlàní ẹlẹ́ṣin ní ọdún 1962, nínú èyí tí ẹṣin, ẹni tí ó gùn ún àti ilẹ̀ tí wọ́n dúró lé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di àwọ̀ gbígbóná kan ṣoṣo. Nínú iṣẹ́ yẹn ni a ti rí i pé Yorùbá tí ó bá gbé ní Àríwá lè ya Àríwá láìya àṣà Yorùbá kankan sínú rẹ̀, tí yóò sì jẹ́ pé ojú Yorùbá ni ó fi wò ó.

Ọ̀nà tí Odutokun gbà yàtọ̀ sí ti àwọn aṣáájú wọ̀nyí. Àwọn ń wá àmì ìran tí wọn yóò gbé wọ inú àwòrán. Òun kò ní àmì kan ṣoṣo tí ó lè pè ní tirẹ̀: Nsawam kọ́ ọ ní nǹkan kan, Ọ̀fà fún un ní orúkọ, Zaria sì fún un ní ilẹ̀ àti ìmọ́lẹ̀. Nítorí náà, dípò kí ó béèrè pé, àmì ta ni èmi yóò lò, ó béèrè pé, báwo ni àwòrán tilẹ̀ ṣe ń wáyé?

ÈÈṢÌ ÀTI ỌNÀ

Ìdáhùn tí ó rí ni ó di gbólóhùn tí a fi ń rántí rẹ̀ lónìí, tí àwọn ará Zaria ń pè ní Accident and Design. Láti túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá gba ìrònú. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ rọrùn: èèṣì ni, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbèrò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kejì ní apá méjì lédè Gẹ̀ẹ́sì, Yorùbá sì ya apá méjèèjì sọ́tọ̀. Ó lè jẹ́ ète, ìyẹn ohun tí a pinnu lọ́kàn. Ó sì lè jẹ́ ọnà, ìyẹn ohun tí ọwọ́ fín, tí ojú sì rí pé ó gún. Nínú iṣẹ́ Odutokun, méjèèjì ni ó wà: èèṣì ń wá, ète ń pàdé rẹ̀, ọnà ni ọmọ tí wọ́n bí.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ fi èyí hàn. A máa lo ọ̀dà tí ó ṣàn, yálà olómi tàbí olóróró, kì í sì í fi búrọ́ọ̀ṣì nìkan tẹ́ ẹ. Yóò jẹ́ kí ó kán, kí ó ṣàn, kí ó pàdé àwọ̀ mìíràn lójú ọ̀nà. Níbi tí méjì bá ti pàdé, nǹkan kan yóò jáde tí ẹnikẹ́ni kò yà: etí odò kan, eruku tí ó dìde, tàbí òjìji òkè kan lọ́nà jíjìn. Lẹ́yìn náà ni ayàwòrán yóò dúró, yóò wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Èyí tí ó bá wúlò, yóò fà á yọ pẹ̀lú ìlà díẹ̀. Èyí tí kò bá wúlò, yóò bò ó mọ́lẹ̀.

Ìdúró láti wò yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ rọ̀ mọ́. Ẹni tí ó bá da ọ̀dà sílẹ̀ tí ó sì lọ, ó da ọ̀dà nù ni. Ẹni tí ó bá sì ti mọ gbogbo ohun tí yóò yà kí ó tó mú ọ̀dà, ó kọ̀ láti gbọ́ ohun tí ọ̀dà ń sọ. Odutokun kò fara mọ́ èyíkéyìí nínú àwọn méjèèjì. Lójú tirẹ̀, bí ìgbésí ayé ṣe rí náà nìyẹn: ènìyàn kò yan ibi tí wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n òun ni yóò pinnu ohun tí yóò fi ibẹ̀ ṣe.

ILẸ̀ TÍ ÓJÚ KÒ LÈ KÁ

Ẹni tí ó bá ti rìn láti Ọ̀fà lọ sí Zaria yóò mọ ìdí tí irú ìlànà yìí fi bá ilẹ̀ Àríwá mu. Láti Ọ̀fà dé Ìlọrin, ọ̀dàn ti bẹ̀rẹ̀: igi èmí àti igi igbá dúró lọ́kọ̀ọ̀kan, koríko sì gba ibi tí ó kù. Bí a bá kọjá Jẹ́bà tí a ré Ọya kọjá, igi ń dín kù, sánmà ń fẹ̀ sí i. Ní Zaria, òkè olókùúta Kufena dìde láti inú pẹ̀tẹ́lẹ̀ bí ẹni tí ó dá dúró. Ògiri amọ̀ àwọn ilé àtijọ́ sì ní àwọ̀ kan náà pẹ̀lú ilẹ̀ tí a ti gbẹ́ amọ̀ náà, tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò fi mọ ibi tí ilẹ̀ parí sí, tí ilé ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà ọyẹ́, ìyàtọ̀ náà tún ń pòórá sí i. Eruku láti aṣálẹ̀ Sàhárà á bo oòrùn, òkè tí ó wà ní ìtòsí á di òjìji, ènìyàn tí ó ń bọ̀ lọ́nà á kọ́kọ́ jẹ́ àbàwọ́n kan kí ó tó di ènìyàn. Ní àkókò òjò ẹ̀wẹ̀, àgbàrá á fa ìlà pupa lórí ilẹ̀, ìlà tí ẹnikẹ́ni kò fà, tí ó sì gún ju ọ̀pọ̀ tí a fi ọwọ́ fà lọ. Ayàwòrán tí ó bá fẹ́ ya irú ilẹ̀ yìí pẹ̀lú ìlà líle ti parọ́ mọ́ ọn. Ọ̀dà tí ó ṣàn, tí ètí rẹ̀ kò dá ṣáká, ni ó sún mọ́ òtítọ́ jù.

Nítorí náà, àṣìṣe ni láti rò pé afòyemọ̀ túmọ̀ sí pé ayàwòrán sá fún ohun tí ó wà lójú ayé. Nínú iṣẹ́ Odutokun, ohun tí ojú rí gan-an ni ó gbé e dé ibi tí orúkọ nǹkan ti pòórá. Ẹni tí ó bá wo irú àwòrán bẹ́ẹ̀ kò ní í sọ pé, "Kufena nìyí." Yóò sọ pé, "Bí ó ṣe rí nìyẹn ní àárọ̀ ọyẹ́."

ÀWỌN TÍ Ó TI GBA Ọ̀NÀ YÌÍ

Ní ayé àwọn Òyìnbó, ọ̀rọ̀ èèṣì nínú àwòrán ti pẹ́. Leonardo da Vinci gba àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ níyànjú pé kí wọ́n máa wo àbàwọ́n ara ògiri dáadáa, nítorí pé wọ́n lè rí òkè, odò àti ogun nínú rẹ̀. Ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, Alexander Cozens ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ láti da dúdú sí ojú pépà, kí wọ́n sì ya ilẹ̀ jáde láti inú àbàwọ́n náà. Láti ọdún 1947 ni Jackson Pollock ní Amẹ́ríkà ti ń kán ọ̀dà sórí aṣọ tí ó tẹ́ sílẹ̀. Frank Bowling, ọmọ Guyana tí ó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù àti New York, ń da ọ̀dà láti òkè sórí pákó tí ó dagun ní àwọn ọdún 1970, ní àkókò kan náà tí Odutokun ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Zaria.

Ìjọra wà, ìyàtọ̀ sì wà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn iṣẹ́ tí Pollock fi gbajúmọ̀ jù jẹ́ ìṣàn àti ìlà láti etí kan dé èkejì. Kò sí ẹni tí yóò rí ilẹ̀ tàbí ènìyàn nínú wọn. Odutokun kì í dúró síbẹ̀. A máa fẹ́ kí ìṣàn náà bí nǹkan: ilẹ̀, ọba, ìjókòó àwọn ènìyàn. Ní èyí, ó sún mọ́ Cozens ju Pollock lọ.

Ṣùgbọ́n kò pọn dandan láti rin ìrìn àjò dé òkè òkun kí a tó rí ẹni tí ó mọ bí a ṣe ń bá èèṣì ṣiṣẹ́. Ní Dada ní Ìlọrin, àwọn obìnrin kì í sun ìkòkò nínú ààrò tí a ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa. Gbangba ni wọ́n ti ń to ìkòkò jọ, tí wọ́n fi igi àti koríko bò ó, tí wọ́n sì fi iná sí i. Ibi tí iná bá ti jó jù, tí èéfín bá ti sé mọ́, àwọ̀ ìkòkò yóò yàtọ̀ síbẹ̀. Amọ̀kòkò mọ̀ pé yóò ṣẹlẹ̀; kò mọ ibi tí yóò ti ṣẹlẹ̀ gan-an. Alárẹ ní Abẹ́òkúta àti Òṣogbo náà ń fi ìko di aṣọ, ó ń rì í sínú aró, kò sì lè rí ojú iṣẹ́ rẹ̀ títí di ìgbà tí ó bá tú u. Kò sí ẹni tí yóò sọ pé nítorí èyí, alárẹ kò mọ iṣẹ́.

Ifá tilẹ̀ fi ọ̀rọ̀ náà hàn ju gbogbo rẹ̀ lọ. Bí babaláwo bá ju ọ̀pẹ̀lẹ̀, kò yan odù tí yóò hù nínú igba ó lé mẹ́rìndínlọ́gọ́ta. Bí ó bá yan án, kì í ṣe Ifá mọ́. Ṣùgbọ́n ní kété tí odù bá ti hù, ẹ̀kọ́ ọdún gbọọrọ ni yóò fi mọ ohun tí ó túmọ̀ sí fún ẹni tí ó jókòó níwájú rẹ̀. Jíjù ọ̀pẹ̀lẹ̀ kò gba ìṣẹ́jú kan. Kíkà á ni ó gba gbogbo ọjọ́ ayé ẹni. A kò lè tìtorí èyí sọ pé láti inú Ifá ni Odutokun ti mú ìlànà rẹ̀. Ohun tí a lè sọ ni pé kò sí ohun àjèjì nínú rẹ̀ fún ìran tí ó ti mọ̀ tipẹ́ pé ohun tí ó já bọ́ láìròtẹ́lẹ̀ lè gbé ìtumọ̀ dání, bí ẹni tí ó wò ó bá kọ́ bí a ṣe ń wò.

ÀRÍYÀNJIYÀN ÀTI ÌFỌ̀RỌ̀WÉRỌ̀

Irú iṣẹ́ báyìí kò ní í ṣàìní alátakò. Ìbéèrè tí àwọn ènìyàn sábà máa ń béèrè nípa àwòrán afòyemọ̀ ni pé, ṣé ọmọdé kò lè ṣe èyí? Ìbéèrè náà kò burú. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ọmọdé lè da ọ̀dà, ṣùgbọ́n kò mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó dúró. Odutokun kọ́kọ́ mọ bí a ṣe ń ya ènìyàn kí ó jọ ènìyàn. Ó mọ ìwọ̀n, ó mọ òjìji, ó mọ bí ojú ṣe ń rìn lórí pépà. Nítorí pé ó mọ̀ ọ́n ni ó ṣe lè fi sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Àtakò kejì lágbára ju ti àkọ́kọ́ lọ. Àwọn kan lè sọ pé ní orílẹ̀-èdè tí ìjọba ológun àti òṣì ń bá fínra, ayàwòrán kò ní àyè láti máa ṣeré pẹ̀lú àbàwọ́n. Ṣùgbọ́n ìgbà tí ìjọba bá ń sọ pé òun ti gbèrò gbogbo nǹkan sílẹ̀ fún ará ìlú ni ó yẹ kí ẹnìkan rán wọn létí pé ète nìkan kò tó. Odutokun kò sì fi ọ̀rọ̀ ìlú sílẹ̀: ọba àti agbára wà lára ohun tí ó ń padà sí lọ́pọ̀ ìgbà.

Ní ọdún 1991 ó ya àwòrán kan tí ó pè ní Dialogue with Mona Lisa, ìyẹn ìfọ̀rọ̀wérọ̀ pẹ̀lú Mona Lisa, obìnrin tí Leonardo yà. Àkọlé yẹn nìkan ti sọ púpọ̀. Kò pè é ní ìjà pẹ̀lú Mona Lisa, kò sì pè é ní ìforíbalẹ̀ fún un. Ìfọ̀rọ̀wérọ̀ ni, ohun tí àgbà méjì ń ṣe nígbà tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò bẹ̀rù èkejì. Ẹni tí Odutokun pè sí ìjókòó yẹn náà ni ẹni tí ó ti sọ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n wo àbàwọ́n ara ògiri. Àwọn méjèèjì ní ohun tí wọ́n lè jọ sọ.

IKÚ RẸ̀ ÀTI ÀWỌN TÍ Ó KỌ́

Olùkọ́ ni Odutokun jẹ́ bí ó ṣe jẹ́ ayàwòrán. Ní ọdún 1989, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Zaria, tí Jerry Buhari àti Jacob Jari wà lára wọn, dá ẹgbẹ́ kan tí wọ́n pè ní The Eye sílẹ̀, orúkọ tí ó túmọ̀ sí Ojú. Wọ́n fẹ́ kí àwọn ayàwòrán máa kọ̀wé, kí wọ́n máa jiyàn, kí wọ́n má sì ṣe fi ìtumọ̀ iṣẹ́ wọn sílẹ̀ fún àwọn tí ó wà ní ibòmíràn.

Ní oṣù kejì ọdún 1995, ìjàm̀bá ọkọ̀ gba ẹ̀mí rẹ̀ ní ojú ọ̀nà. Kò tíì pé ọmọ àádọ́ta ọdún. Èèṣì tí ó ti sọ di ọ̀rẹ́ nínú àwòrán kò fún un ní àyè láti wò, kí ó sì fà á yọ pẹ̀lú ìlà. Ó rọrùn láti pe èyí ní àmì tàbí àyànmọ́. Ṣùgbọ́n òtítọ́ tí ó wà níbẹ̀ rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì burú jù: àwọn ọ̀nà Nàìjíríà ti pa ọ̀pọ̀ olùkọ́ tí iṣẹ́ wọn kò tíì dé ìdajì.

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò parí síbẹ̀. Ní ọdún 2000, wọ́n ṣe ìpàtẹ kan ní Brunei Gallery ní ilé ẹ̀kọ́ SOAS ní Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n fi gbólóhùn èèṣì àti ọnà pe orúkọ rẹ̀, iṣẹ́ òun àti àwọn tí ó kọ́ ni wọ́n sì kó síbẹ̀. Jerry Buhari, tí wọ́n bí ní ọdún 1959, mú ìlànà ọ̀dà tí ó ń ṣàn náà lọ síwájú, ó sì ń fi ya ilẹ̀ tí ènìyàn ti bà jẹ́. Ní ọwọ́ rẹ̀, ìṣàn ọ̀dà kì í ṣe ẹwà nìkan mọ́; ó tún jẹ́ ẹ̀rí nípa ohun tí a dà sórí ilẹ̀ tí kò sì yẹ kí a dà.

ÌKÁDÌÍ

Ta ni ó ni Gani Odutokun, nígbà náà? Gánà lè sọ pé ilẹ̀ òun ni wọ́n bí i sí. Zaria lè sọ pé lọ́dọ̀ òun ni ó ti kọ́ṣẹ́, tí ó ti kọ́ni, tí ó sì ti di ẹni ńlá. Ẹ̀tọ́ àwọn méjèèjì pé. Ṣùgbọ́n Ọ̀fà àti Ìlọrin náà ní ẹ̀tọ́ tiwọn, kì í sì í ṣe nítorí orúkọ baba nìkan. Ìrìn tí àwọn ará Ọ̀fà rìn láti ojú ogun dé ojú irin, láti ojú irin dé ọjà Gánà, ni ó bí irú ọmọ tí yóò béèrè ohun tí ó béèrè. Ọgbọ́n tí iṣẹ́ rẹ̀ dúró lé sì wà ní Dada, lẹ́nu iná tí a fi ń sun ìkòkò, kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ Pollock.

Ohun tí ó wà nínú ewu ni iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Ère òkúta Ẹ̀sìẹ́ ti fara da òjò àti oòrùn ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún. Pépà kò lè fara dà á. Ọ̀dà olómi a máa ṣá bí ìmọ́lẹ̀ bá ń bà á lójoojúmọ́. Ọ̀rinrin a máa bà á jẹ́, ikán a sì jẹ ohun tí ó kù. Àwòrán ara ògiri kò ṣòro láti pa rẹ́: ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kàn máa fi ọ̀dà funfun kun ún ni. Bí a kò bá kọ orúkọ ayàwòrán kọ́ ọmọ ilé ìwé, ọmọ náà kò ní í mọ̀ nígbà tí ó bá dàgbà pé ohun tí òun fẹ́ sọ nù kì í ṣe pépà lásán.

Kò pọn dandan kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ilé ńlá. Kí àwọn olùkọ́ iṣẹ́ ọnà ní Ìlọrin àti Ọ̀fà máa dárúkọ rẹ̀ pẹ̀lú Areogun àti Akolo. Kí àwọn tí iṣẹ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn ya fọ́tò rẹ̀, kí wọ́n kọ ọdún àti ìwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n sì gbé e kúrò níbi tí oòrùn ń bà. Èèṣì ni ó gbé ọmọ Ọ̀fà kan dé Nsawam, tí ó sì gbé e dé Zaria. Bóyá wọn yóò rántí rẹ̀ nílé tàbí wọn kò ní í rántí, ìyẹn kì í ṣe èèṣì mọ́. Ọwọ́ àwọn tí ó wà láàyè ni ó wà.